Ibi Tí Wọn Kì Í Ti Polówó Ni Mo Ti Ń Tajà

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ mi ni kò wá aṣọ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé mi. Ìbéèrè ni wọ́n ń bá kiri. Ọ̀kan fẹ́ mọ ìdí tí aró fi ń kùn ún lọ́wọ́ nígbàkígbà tó bá ti ń rán aṣọ. Èkejì ra ọ̀pá mẹ́rin ní London, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é tàbí ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta ò tiẹ̀ ní in lọ́kàn láti ra ohunkóhun: ìyá rẹ̀ àgbà ló fi ìró kan sílẹ̀ fún un, ó fẹ́ mọ ohun tí àwọn òpó tó wà lára rẹ̀ dúró fún. (Ìbàdàndùn ni aṣọ náà. Àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó ni wọ́n yà síbẹ̀.) Mo dá wọn lóhùn, mo sì bá tèmi lọ. Ó lè pẹ́ dáadáa kí ọ̀kan nínú wọn tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀ pé, "Ṣé ìwọ náà máa ń tà á ni?" Ìgbà yẹn ni mo tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mo ń tà á.

Bí mo ṣe ń tajà nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yàrá kan ní Abẹ́òkúta tí aṣọ kún dé àjà, àti fóònù kan. Àwọn tí a jọ ń ṣòwò máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. "Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò," ni wọ́n á wí, òótọ́ sì ni. Ta ló dàgbà nílẹ̀ yìí tí kò mọ ohùn ẹni tó ń ké "Láńgbé jinná o!" nírọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò? Ṣùgbọ́n ohùn yẹn ń ta àgbàdo nítorí pé gbogbo ilé tó wà ládùúgbò ló ń jẹ àgbàdo. Èèyàn mélòó ládùúgbò kan ló ń wá àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya, tó sì ṣe tán láti san owó ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fi yà á? Bóyá ẹyọ kan. Ó sì lè jẹ́ Ohio, ní Amẹ́ríkà, ni ẹyọ kan náà ń gbé. Bí mo ké títí ohùn mi fi há, kò ní gbọ́.

Mo ti gbìyànjú ìpolówó olówó ti Facebook àti Instagram. Dọ́là ni wọ́n ń gbà, ohun tí dọ́là sì ti dà sí wa lára láti oṣù Òkúdù 2023, kò sí ẹni tí n óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé rẹ̀ fún. Àwọn tó ń tẹ àmì ìfẹ́ sí fọ́tò pọ̀. Wọ́n á kọ "ó rẹwà o," wọ́n á kọjá lọ. Ó tán.

Ibi tí ará Ohio yẹn wà ni inú àwọn àwùjọ kéékèèké tí ẹni tí nǹkan náà kò bá jẹ lógún kò lè fara dà. Àwọn tó ń fi ewé àti èèpo igi pa aṣọ láró ní fọ́rọ́ọ̀mù tiwọn. Àwọn tó ń gán ègé aṣọ wẹ́wẹ́ pọ̀ ṣe ìbora, èyí tí wọ́n ń pè ní kúìlìtì, ní tiwọn. Àwọn tó ń rán aṣọ ara wọn nílé náà wà, wọ́n á rán bátànì kan tán, wọ́n á wá ròyìn ibi tó ti fún wọn lábíyá. Àwọn tó ń kó aṣọ àtijọ́ jọ ló le jù. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti jiyàn fún ọjọ́ pípẹ́ lórí bóyá òwú tí wọ́n fi ká etí aṣọ kan jẹ́ ti ayé kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀ tàbí ti ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ gan-an nínú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ lè má kún mólúè kan, ṣùgbọ́n gbogbo èrò inú mólúè náà, ibi tí ìwọ ń lọ ni àwọn náà ń lọ.

Àfi pé wọn kì í fẹ́ kí èèyàn polówó níbẹ̀. Òfin wọn sọ bẹ́ẹ̀, ó sì nídìí.

Ní oṣù Igbe 1994, tọkọtaya agbẹjọ́rò kan ní Arizona, Laurence Canter àti Martha Siegel, kọ ìpolówó nípa lọ́tìrì green card, ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà, wọ́n sì dà á sínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwùjọ ìjíròrò tó wà lórí Usenet. Usenet ni baba àwọn fọ́rọ́ọ̀mù tòde òní; àwùjọ kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń sọ. Ẹni tó wá sọ̀rọ̀ ìṣirò bá lọ́tìrì. Ẹni tó wá sọ̀rọ̀ ẹja bá lọ́tìrì. Inú bí wọn débi pé lẹ́tà ẹ̀hónú tí wọ́n kọ dá ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tó ń fún tọkọtaya náà ní íntánẹ́ẹ̀tì dúró léraléra. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí pé lọ́tìrì yìí kan náà ni wọ́n fi ń pariwo lójú gbogbo káfè nílùú wa nígbà kan, kí wọ́n tó yọ Nàìjíríà kúrò nínú rẹ̀ láti orí ti ọdún 2015 (DV-2015). Láti ayé Canter àti Siegel ni ẹni tó bá gbé igbá ọjà wọ àwùjọ ti di ẹni ìfura. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń tọ́ka sí ìlànà kan ní Reddit, fọ́rọ́ọ̀mù ńlá kan ní Amẹ́ríkà: bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ọjà rẹ lẹ́ẹ̀kan, kọ́kọ́ dá sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ní Nairaland ẹ̀wẹ̀, rọ́bọ́ọ̀tì ló ń ṣọ́nà. Ẹni tí rọ́bọ́ọ̀tì yẹn kò bá tíì dá dúró láìṣẹ̀ láìrò kò tíì pẹ́ níbẹ̀.

Síbẹ̀, òwò kò jìnnà sí àwọn ibí yìí rí. Ọdún 2005 ni Seun Osewa dá Nairaland sílẹ̀, ọdún náà ni Reddit bẹ̀rẹ̀, ọdún náà ni Etsy, ọjà iṣẹ́-ọwọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣí. Ti Etsy ló dùn mọ́ mi jù. Rob Kalin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gba iṣẹ́ pé kí wọ́n tún ojúlé kan ṣe, GetCrafty, níbi tí àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé àwọn èèyàn yìí ń hun, wọ́n ń rán, wọ́n ń mọ, wọn ò sì rí ibi tó yẹ wọ́n tà á. Ọjà ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, inú ìráhùn àwọn tó ń bá ara wọn ṣeré ló ti jáde.

Aṣọ nìkan kọ́. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ Toyota ní Ládípọ̀, ní Mushin, tuntun àti tòkunbọ̀. Ìsọ̀ rẹ̀ há sí kọ̀rọ̀ kan tí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò lè dé. Tó bá délé lálẹ́, á jẹun tán, á wọ àwùjọ àwọn onímọ́tò, á bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìbéèrè. Ẹnì kan á kọ ọ́ pé iná ẹ́ńjìnnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù Corolla òun, wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé kóòdù P0171 jáde, mẹkáníìkì sì ti ní kí òun lọ ra páǹpù epo tuntun. Ọ̀rẹ́ mi á fèsì pé: má tíì ra nǹkan kan. Ohun tí P0171 ń sọ ni pé epo tó ń wọlé kò tó atẹ́gùn. Tú sẹ́ńsọ̀ MAF, èyí tó ń wọn atẹ́gùn tó ń wọlé, tó wà lẹ́bàá àpótí fílítà, ra agolo oògùn tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, fín in sí i, má fi ìka kàn án. Wo rọ́bà tó ti ibẹ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnnì, bóyá ó ti sán. Tó bá ṣì ń tàn lẹ́yìn ìyẹn, a ó wá sọ̀rọ̀ páǹpù.

Ó ní páǹpù yẹn ní ìsọ̀ o. Ó lè tà á fún un lọ́jọ́ náà. Kò rí kọ́bọ̀ gbà lórí ìdáhùn yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ kan náà bá kú, ṣé mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ni ẹni yẹn máa bi léèrè? Gbogbo ẹni tó bá sì kọ P0171 sínú Google, láti Ìlọrin títí dé Àkúrẹ́, ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ pàdé títí di òní. Mo ti wo èyí títí, ohun tí mo rí ni pé ìdáhùn tó bá ṣe ẹni tó béèrè láǹfààní tí kò sì ṣe ọ́ ní kankan, òun gan-an ló ń ta ọjà. Ẹ̀tàn kò sì ṣeé fi ṣe é, nítorí àwọn tó gbọ́n jù ọ́ lọ wà níbẹ̀, wọ́n ń kà á. Bí o bá purọ́ nípa sẹ́ńsọ̀ MAF, ẹnì kan ní Port Harcourt á tú ọ fó kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹnì kan wà tí mo gba ọgbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀ mí. Brian Goulet àti ìyàwó rẹ̀, Rachel, bẹ̀rẹ̀ òwò gègé oníyíǹkì ní ìpínlẹ̀ Virginia ní 2009. Gègé igi tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ni ọkọ kọ́kọ́ ń tà. Àwọn tó fẹ́ràn gègé oníyíǹkì, àwùjọ tiwọn tún yàtọ̀. Wọ́n á fi òwúrọ̀ di alẹ́ sọ̀rọ̀ nípa bí yíǹkì búlúù kan ṣe ń gbẹ. Ìgò yíǹkì kan sì wọ́n, èèyàn kò lè mọ àwọ̀ rẹ̀ gan-an àfi tó bá fi kọ̀wé. Ni ṣọ́ọ̀bù Goulet bá ń bu yíǹkì sínú ìgò wínníwínní, mílílítà 2 péré, wọ́n ń tà á bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò. Wọ́n tún ń ṣe fídíò tí wọ́n fi ń dáhùn ìbéèrè àwọn èèyàn.

Mo jí ọgbọ́n yẹn. Mo ń ta àpòòwé kan tó ní ègé aṣọ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́: oníko, alábẹ́rẹ́, ẹlẹ́kọ, àti kàm̀pálà tí wọ́n fi àbẹ́là ṣe. Ìwé pélébé kan wà nínú rẹ̀ tó sọ ẹni tó pa á láró àti ohun tó fi pa á. Kì í mú èrè wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọwọ́ rẹ̀ pa ẹlẹ́kọ wò, tó rí i pé ẹ̀yìn aṣọ dúdú ju iwájú lọ nítorí pé ojú kan ni wọ́n máa ń fi ẹ̀kọ yà, ẹni yẹn kì í bá mi ná ọjà mọ́.

Àwọn oníkúìlìtì ni wọ́n kọ́ mi ní ọjà tí mò ń tà. Ohun tí wọ́n bẹ̀rù jù láyé ni kí aṣọ ṣàn. Èèyàn á fi oṣù mẹ́jọ gán ègé kan mọ́ èkejì, funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlúù, á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, búlúù á sì ṣàn sára funfun, ó parí. Wọ́n bi mí bóyá tèmi ń ṣàn. Mo lè sọ pé kò ní ṣàn, bí àwọn tó ń tà á káàkiri ṣe máa ń sọ. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gé ègé ẹlẹ́kọ kan, mo rán an mọ́ pópílìnì funfun, mo rì í bọ omi gbígbóná nínú báfù pẹ̀lú ọṣẹ. Mo ya fọ́tò omi náà. Mo ya fọ́tò funfun náà, tí àwọ̀ ojú ọ̀run ti bà lé etí rẹ̀. Mo gbé e síta bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo mú aṣọ mìíràn láti inú ìkòkò kan náà, mo fi omi tútù ṣàn án títí omi fi mọ́ gaara, mo sá a, mo tún un ṣàn, kí n tó rán an mọ́ funfun. Ìyẹn kò ṣàn. Mo wá ṣàlàyé fún wọn pé aró kì í so mọ́ òwú bí àwọn àwọ̀ kan ṣe ń so mọ́ ọn. Ńṣe ló ń há sínú rẹ̀, èyí tí kò ráyè há ló ń kùn ọwọ́ tó sì ń ṣàn. Iyọ̀ kò lè dè é, fínígà kò lè dè é, bó ti wù kí ìyàwó ilé fi ọwọ́ sọ̀yà tó.

Ṣé wọ́n gbóríyìn fún mi? Wọ́n ní omi mi kò gbóná tó. Wọ́n ní kí n tún un ṣe, kí n fi òṣùwọ̀n ìgbóná sínú báfù kí àwọn rí i. Mo tún un ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni aṣọ ẹlẹ́kọ tó wà nílẹ̀ tán, tí mo ní láti padà sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta.

Màmá tó ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú aṣọ mi láró wà ní Ìtòkú, ìdílé aláró ni wọ́n ti wá. Apá wọn dúdú dé ìgúnwọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

"Òo, ọmọ mi. Àwọn òyìnbó rẹ tún ti béèrè kí ni?"

"Wọ́n ní ṣé ewé elú lásán ni ẹ ń lò, àbí ẹ máa ń fi kọ́sítíìkì sódà sí i."

Wọ́n wò mí. "Kí ni ìwọ fẹ́ sọ fún wọn?"

"Ohun tí ẹ bá ní kí n sọ ni, Màmá."

"Sọ fún wọn pé sódà wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ èyí tí kò ní sódà, kí wọ́n san owó ewé, kí wọ́n san owó igi tí a máa sun fún eérú, kí wọ́n sì fọwọ́ lẹ́rán."

Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Àwọn kan nínú àwùjọ aláró-ewé bínú, wọ́n ní ohun tó ní sódà kì í ṣe ti ìbílẹ̀. Ni mo bá ní ọ̀rọ̀ sọ, nítorí ìjà yìí ti dàgbà ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Ní 1936, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin de kọ́sítíìkì sódà àti aró àtọwọ́dá ní Abẹ́òkúta, wọ́n ní ó ń ba aṣọ jẹ́, ó ń ba orúkọ ọjà jẹ́. Àwọn obìnrin aláró ò gbà. Ọjà ti dojú rú nígbà náà, owó kò sí lọ́wọ́ àwọn tó ń rà á, sódà, tí wọ́n ń fi dípò omi eérú, sì ń dín àkókò kù. Wọ́n bá ọba fà á. Ẹni tó bá fẹ́ bá Màmá jà lórí sódà ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn ìyá wọn ti bá ẹni tó ju òun lọ jà lórí rẹ̀. Mo sọ èyí fún wọn, ó gba ojú ìwé kan. Díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi. Díẹ̀ sì ní àwọn yóò san owó ewé àti igi, àwọn yóò sì fọwọ́ lẹ́rán. Títí di òní, irú èyí tí wọ́n ń fi elú àti eérú ṣe fún àwọn wọ̀nyẹn ni aṣọ tó wọ́n jù nínú ṣọ́ọ̀bù mi, kì í sì í pẹ́ nílẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí Màmá kì í sọ. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ìkòkò aró ti "jí", pé ó ti tó pa aṣọ láró, èyí tí wọ́n ń fi ahọ́n àti imú mọ̀, wọ́n sọ ọ́ fún mi, wọ́n ní kí n má sọ ọ́ síta. Àwọn kan ti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi nínú àwùjọ kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ni ín kò fún mi láyè. Ó ń dùn wọ́n, nítorí ìlànà ibẹ̀ ni pé kí ẹni tó bá mọ nǹkan sọ ọ́. Mo gbà pé ìlànà tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí mò ń pín kiri yìí, kì í ṣe tèmi. Alágbàtà ni mí nínú aṣọ, alágbàtà náà ni mí nínú ọ̀rọ̀.

Èyí tí mo kọ tó rìn jìnnà jù ni ti bí èèyàn ṣe lè dá aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ mọ̀. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ń ti Ṣáínà wọlé, wọ́n ń tà á ní Ìtòkú gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe é, owó rẹ̀ sì kéré débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ti gbé ohùn sókè sí i. Mo ní kí wọ́n má wo ẹwà rẹ̀. Kí wọ́n wá àbùkù kan lára aṣọ náà, ibi tí ìlà ti wọ́ tàbí tí ẹ̀kán aró kan ti já bọ́. Kí wọ́n wá fi ọwọ́ wọn wọ̀n ọ́n lọ síwájú. Bí wọ́n bá tún bá àbùkù yẹn kan náà pàdé, ẹ̀rọ ló ṣe é. Ọwọ́ èèyàn kì í ṣe àṣìṣe kan náà bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà kí wọ́n yí i padà kí wọ́n wo ẹ̀yìn: tí ẹ̀yìn bá funfun ṣákálá tí iwájú dúdú kirimù, kì í ṣe inú ìkòkò aró ló ti jáde. Mi ò fi líǹkì ṣọ́ọ̀bù mi sí i. Nínú àwọn fọ́rọ́ọ̀mù àtijọ́, ìlà kan máa ń wà lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí o bá kọ, níbi tí wọ́n ti gbà ọ́ láyè láti fi orúkọ àti ojúlé rẹ sí. Ìlà kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo bílíbọ́ọ̀dù tí mo ní láyé. Ó tó.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ: ṣé kì í ṣe ẹ̀tàn náà nìyẹn, kí èèyàn máa bá ẹni ṣọ̀rẹ́ nítorí àtitajà? Mo ti rò ó. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣe èyí tó burú: wọ́n á fi orúkọ kan béèrè ìbéèrè, wọ́n á fi orúkọ mìíràn dáhùn ara wọn, wọ́n á fi ẹ̀kẹta yin ọjà. Wọ́n ti wá bá mi pé àwọn yóò ṣe é fún mi, owó tí wọ́n pè kò tiẹ̀ pọ̀. Mi ò fi ṣe. Ní tèmi, níbi tí mo ti dàgbà, oníbàárà ìyá mi ló ń bá wa gbé ìkòkò ọbẹ̀ nígbà ìsìnkú bàbá mi, a sì ń fún un ní ẹ̀ní lọ́jọ́ kejì rẹ̀ lọ́jà. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n àbí oníṣòwò. Ohun tó máa ń dà mí láàmú yàtọ̀ sí ìyẹn. Tí mo bá rí ìbéèrè kan báyìí, ọkàn mi máa ń yára ṣírò bóyá ẹni tó béèrè lówó lọ́wọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà mo máa ń kọ́kọ́ dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn, àwọn tó hàn gbangba pé wọn ò ní í ra ohunkóhun. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn ń wò ó sàn.

Kì í sì í ṣe gbogbo ọjà ló gba irú èyí. Ẹni tó ń ta ìrẹsì, kó lọ gbé ìrẹsì rẹ̀ sójú títì. Ó tún ń pẹ́. Àwọn ibẹ̀ sì lè kú mọ́ èèyàn lójú. Ní oṣù Òkúdù 2014, wọ́n kọ lu Nairaland, ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ti kọ fún oṣù mélòó kan sì ṣòfò. Àwùjọ aláró kan tí mo fẹ́ràn ti kó lọ sínú ẹgbẹ́ Facebook, níbi tí ìdáhùn ọdún tó kọjá ti ń rì sí ìsàlẹ̀ tí Google kò sì lè fà á jáde. Gbogbo ohun tí mo bá kọ báyìí, mo ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí ojúlé ara mi.

Àwùjọ náà ló yọ mí nígbà tí ọ̀rọ̀ ibodè dé. Láti ọjọ́ 29 oṣù Ògún 2025, Amẹ́ríkà fagi lé àyè tí ẹrù tí owó rẹ̀ kò ju 800 dọ́là lọ fi ń wọlé láìsan owó ibodè. Àpòòwé aṣọ pélébé tí mo ń fi ránṣẹ́ di ohun tí wọ́n ń bu owó lé. Kí n tó mọ ohun tí n óò kọ, àwọn oníkúìlìtì ti ṣe ìṣirò láàárín ara wọn: owó iṣẹ́ tí àwọn akẹ́rù ń bù lé ẹrù kọ̀ọ̀kan ló ń pa wọ́n lára jù, nítorí náà kí gbogbo wọn ra tiwọn pọ̀, kí n dì í sínú páálí kan, kí ọ̀kan nínú wọn gbà á kó sì pín in. Mi ò bẹ̀ wọ́n. Kò sí ìpolówó tó lè ra ìyẹn.

Ìgbà tí wọ́n ń ṣètò páálí yẹn ni wọ́n ní àwọn fẹ́ kí orúkọ ẹni tó pa aṣọ láró wà lára ègé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rà, kì í ṣe nínú àpòòwé àyẹ̀wò nìkan. Mo gbé e lọ fún Màmá. Wọ́n ronú sí i títí wọ́n fi fún aṣọ kan tán.

"Kọ ọ́," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n tí o bá kọ orúkọ mi, kọ iye tí mò ń tà á fún ọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

Mo ní, "Màmá, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ṣebí ìwọ lo ní wọn kì í parọ́ níbẹ̀."

Mo gbé e yíra lọ́kàn kí n tó ṣe é. Iye tí Màmá ń gbà, owó ọkọ̀, owó tí banki àti àwọn tó ń gba káàdì ń yọ, owó akẹ́rù, èrè mi: mo kọ gbogbo rẹ̀ síta, náírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là. Àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e gùn ju ti omi gbígbóná lọ. Ẹnì kan ní èrè mi pọ̀ jù, ó sì kó ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ẹlòmíràn tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Wales ṣírò rẹ̀, ó ní kò pọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn sọ ni pé owó aláró ló kéré.

Mo ka èyí fún Màmá lójú fóònù, mo túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí n ka ibì kan lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n wá nu ọwọ́ wọn, wọ́n sì fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà lé owó aṣọ kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí mo wá gbé lọ́jọ́ náà.